ILÉ TÍ A Ń WÁ ÀTI ALÁDÙÚGBÒ TÍ A Ó JẸ́

Kútúbà Ọjọ́ Jímọ̀

Kútúbà kìíní

Gbogbo ọpẹ́ àti ẹyìn ti Ọlọ́hun Ọba ni, Ẹni tí ó dá ilẹ̀, tí ó sì tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ kí ẹ̀dá lè máa gbé orí rẹ̀. A ń yìn Ín, a ń tọrọ ìrànlọ́wọ́ Rẹ̀, a sì ń wá àforíjìn lọ́dọ̀ Rẹ̀. A jẹ́rìí pé kò sí ẹlòmíràn tí ìjọsìn tọ́ sí àfi Allāh nìkan ṣoṣo. A sì jẹ́rìí pé ẹrú Rẹ̀ àti òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni Ànábì Muhammad. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé ìlànà wọn títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin ìjọ Mùsùlùmí, mo ń kìlọ̀ fún ara mi kí n tó kìlọ̀ fún yín: ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rù Ọlọ́hun ní ìkọ̀kọ̀ àti ní gbangba, nínú ìrun wa àti nínú òwò wa, nígbà tí a bá ń kọ́lé àti nígbà tí a bá ń háyà ilé.

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, lẹ́yìn ìrun Alásàrí, arákùnrin kan nínú ìjọ yìí jókòó tì mí títí àwọn ènìyàn fi túká. Ó ti gbà mí láyè láti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdárúkọ rẹ̀. Ó ní: “Áfáà, onílé wa ti fi kún owó ilé. ₦900,000 ni a ń san lọ́dún. Ó ti di ₦1,800,000 báyìí. Agbára mi kò gbé e. Ṣé kí n yá owó kí a lè dúró síbi tí a wà? Ṣé kí n kó ìdílé mi lọ sí Ìkòròdú, níbi tí ilé ti dínwó, kí n máa ti ibẹ̀ wá síbi iṣẹ́ ní Ìkejà? Àbí kí n gba ilé ní Múṣin, tí ó wà láàárín ibi iṣẹ́ mi àti ìsọ̀ ìyàwó mi ní ọjà Tejúoṣó? Apá mi ká owó ilé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá mi ní òun kò ní fi ẹsẹ̀ òun tẹ Múṣin, àwọn ẹ̀gbọ́n mi sì ń bi mí bóyá nǹkan ti bàjẹ́ fún mi tó bẹ́ẹ̀.”

Kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí dé bá. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ jókòó síwájú mi yìí ni ìwé onílé ti tẹ̀ lọ́wọ́. Ẹlòmíràn lè sọ pé ọ̀rọ̀ owó lásán ni, pé kí ni ó kan mọ́sálásí nínú rẹ̀. Ó kàn án. Ibi tí ènìyàn bá ń gbé ni yóò sọ ẹni tí yóò máa kí láàárọ̀, ẹni tí ọmọ rẹ̀ yóò máa bá ṣeré, ibi tí yóò ti máa kí ìrun Àsùbáà, àti irú owó tí yóò máa wá kiri. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni, nítorí náà ẹ jẹ́ kí á gbé ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀nà kìíní ni kí ó yá owó, kí ó sì dúró síbi tí ó wà. Mo bi í pé: “Bí o bá yá owó yìí, nítorí ta ni?” Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní: “Áfáà, nítorí ojú ayé ni.” Kí Ọlọ́hun san án lẹ́san òtítọ́ tí ó sọ. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ojú ayé ni onílé tí kò ṣeé san owó fún tán, nítorí bí a bá san ti ọdún yìí, yóò béèrè ti ọdún tí ń bọ̀. Ọlọ́hun kọ́ wa nínú Suratul-Isrāi, ẹsẹ 26 sí 27, pé ọmọ ìyá èṣù ni àwọn tí ń ná owó ní ìnákúnàá. Nínú Suratul-Furqān, ẹsẹ 67, Ó ka ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ní ìnáwó mọ́ ìwà àwọn ẹrú Rẹ̀ pàtàkì: wọn kì í ná àpà, wọn kì í sì í ṣe ahun. Àwọn bàbá wa sì mọ èyí dájú tí wọ́n fi ń sọ fún ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n pé kí ó ṣe bí ó ti mọ.

Bí ó bá sì jẹ́ owó èlé ni ó fẹ́ yá, ọ̀rọ̀ ti kọjá ìnákúnàá. Ní Suratul-Baqarah, ẹsẹ 278 sí 279, Ọlọ́hun kìlọ̀ ogun fún ẹni tí kò bá jáwọ́ nínú èlé, ìkìlọ̀ náà sì lágbára gidigidi. Ẹ sì ń rí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ láyé ìsinsìnyí. Àwọn ayánilówó orí fóònù a máa fún ènìyàn lówó láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ọjọ́ bá pé tí kò rí i san, èlé a gun orí èlé, wọn a sì máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ dójú tì í lọ́dọ̀ gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù rẹ̀. Ojú ayé tí ó torí rẹ̀ yá owó, iwájú ojú ayé náà ni ìtìjú ti bá a. Arákùnrin wa gbà pé ọ̀nà kìíní ti dí.

Ọ̀nà kejì ni Ìkòròdú. Kò sí ẹ̀gàn nínú kí ènìyàn gbé ibi tí ó jìnnà. Ìdílé kan wà ní Mẹdínà tí à ń pè ní Banū Salimah. Ìkangun ìlú ni wọ́n ń gbé. Nígbà tí ilẹ̀ ṣófo ní àyíká mọ́sálásí Ànábì, wọ́n fẹ́ kó wá síbẹ̀. Ìmọ̀ràn tí Ànábì fún wọn, gẹ́gẹ́ bí Muslim ṣe gbà á wá, ni pé kí wọ́n dúró sí ilé wọn, nítorí à ń kọ ìṣísẹ̀ wọn sí mọ́sálásí sílẹ̀ ní ẹ̀san fún wọn. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé àárín ìlú nìkan ni iyì wà. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá wà ní Ìkòròdú, tàbí tí ó bá lè dá ìsọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, kí ó lọ, kí ó sì dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n Ànábì kan náà ni ó kọ́ wa pé ara ẹni ní ẹ̀tọ́ lórí ẹni, ìyàwó sì ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Mo ní kí arákùnrin wa ka ọjọ́ kan fún mi láti àárọ̀ dé alẹ́. Yóò jáde nílé kí ládàánì tó pe ìrun Àsùbáà, kí ó má baà há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Máìlì Méjìlá àti Kétu. Yóò padà dé lẹ́yìn ìrun Iṣáì. Orí oorun ni yóò fi àwọn ọmọ sílẹ̀, orí oorun ni yóò sì bá wọn. Ta ni yóò gbọ́ kíké Kùránì wọn? Ta ni yóò mọ̀ bí olùkọ́ bá na ọ̀kan nínú wọn, tàbí bí ọ̀kan bá ń kó ẹgbẹ́ burúkú? A ṣe ìṣirò owó ọkọ̀ ti òun àti ìyàwó rẹ̀, a sì rí i pé ohun tí wọn yóò fi pamọ́ lórí owó ilé, ọ̀nà ni yóò gbà á padà lọ́wọ́ wọn. Fún òun, ní ipò tí ó wà, Ìkòròdú yóò fi ilé ńlá fún àwọn ọmọ, yóò sì gba bàbá wọn lọ́wọ́ wọn.

Ó wá ku Múṣin.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, kí ni ó dé tí orúkọ àdúgbò kan fi ń ba ènìyàn nínú jẹ́? Mo bi arákùnrin wa bóyá ìyá rẹ̀ ti dé Múṣin rí. Ó ní rárá. Mo bi í bóyá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó ní mẹkáníìkì tí ń tún mọ́tò wọn ṣe, Múṣin ni ó ń gbé; obìnrin tí ń rán aṣọ Iléyá wọn, Múṣin ni ó ń gbé. Ọwọ́ àwọn ará Múṣin dára fún wa láti rán aṣọ ọdún wa, ṣùgbọ́n ojú tì wá kí ẹnu ọ̀nà wa kọjú sí tiwọn. Ẹ jẹ́ kí á bi ara wa léèrè ohun tí èyí ń jẹ́ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun.

Ta ni ń gbé Múṣin? Àwọn tí ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní ọjà Ládìípọ̀ wà níbẹ̀. Àwọn ìyá tí ń ta ata àti ẹ̀fọ́ ní ọjà Ọjúwòyè, tí wọ́n ti jí kí oòrùn tó là, wà níbẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ńlá tí ó wà ní Ìdí-Àràbà, ọ̀pọ̀ wọn ń gbé àyíká ibẹ̀. Awakọ̀, bíríkìlà, oníṣòwò, olùkọ́ ilé kéú, gbogbo wọn ni. Ọkọ̀ ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò láti Àgbádó lọ sí Oyìngbò ní ọdún 2024 ń dúró ní Múṣin, ó sì ń dúró ní Ìkejà àti ní Yábàá pẹ̀lú. Bí gbogbo ará Múṣin bá jókòó sílé fún ọjọ́ kan ṣoṣo, àwa tí a ń yínmú sí wọn ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára.

Ní Suratul-Hujurāt, ẹsẹ 11, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa kí ìjọ kan máa fi ìjọ mìíràn ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ó ṣeé ṣe kí àwọn tí a ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ dára ju àwọn tí ń ṣe é lọ. Ní ẹsẹ tí ó tẹ̀lé e, Ó kọ àbá burúkú fún wa. Ẹ sì rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Mẹ́kà. Àwọn olówó ìlú náà sọ fún Ànábì pé kí ó lé àwọn tálákà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn bíi Bilāl àti Ibn Mas‘ūd, nítorí wọn kò lè bá irú àwọn bẹ́ẹ̀ jókòó. Èsì Ọlọ́hun wà nínú Suratul-An‘ām, ẹsẹ 52, ó sì tún wà nínú Suratul-Kahfi tí a máa ń kà lọ́jọ́ Jímọ̀, ní ẹsẹ 28: kí Ànábì má lé wọn, kí ó fi sùúrù bá wọn jókòó, kí ojú rẹ̀ má sì kúrò lára wọn lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀ṣọ́ ayé. A ń ka ẹsẹ yìí ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Nígbà tí ó wá kan ọ̀rọ̀ ilé gbígbé, ẹ̀yìn ta ni a tò sí?

Ṣùgbọ́n n kò ní tàn yín. Ohun tí ojú ń rí ní Múṣin, ojú ń rí i. Àwọn ọmọ ìta wà tí wọ́n máa ń bára wọn jà lóru, tí fìlà lè ṣí lórí ẹni tí ń kọjá lọ jẹ́jẹ́. Àwọn tí ń ta ìgbó wà. Ariwo pọ̀. Àwọn òpópónà kan wà tí gọ́tà ti dí, tí òjò kan ṣoṣo lè lé oníyàrá ìsàlẹ̀ jáde. Ẹni tí ó bá ń bẹ̀rù nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ kò dẹ́ṣẹ̀. Àmáánà ni ọmọ jẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin kan béèrè bóyá kí òun tú ràkúnmí òun sílẹ̀ kí òun sì gbára lé Ọlọ́hun, ìmọ̀ràn Ànábì ni pé kí ó so ó mọ́lẹ̀ ná, kí ó tó gbára lé Ọlọ́hun. Nítorí náà, ìbẹ̀rù tí ó ń mú ènìyàn ṣe ìwádìí, ọgbọ́n ni. Ìbẹ̀rù tí kò jẹ́ kí ènìyàn wo ibẹ̀ rárá, ìgbéraga tí ó wọ ẹ̀wù ìbẹ̀rù ni.

Báwo ni a ṣe ń so ràkúnmí nínú ọ̀rọ̀ ilé? Múṣin kì í ṣe òpópónà kan. Lọ sí òpópónà tí o fẹ́ gbé gan-an. Lọ ní ọ̀sán, kí o sì tún lọ ní alẹ́ Sátidé. Lọ lẹ́yìn òjò, kí o wo ibi tí omi dé lára ògiri. Kí ìrun Àsùbáà nínú mọ́sálásí wọn, kí o ka iye ọ̀dọ́ tí ó wà nínú sààfù. Dúró nígbà tí àwọn ọmọ ilé ìwé bá ń darí bọ̀, kí o wò bóyá ẹnìkan ń pè wọ́n lórúkọ. Bi àwọn obìnrin tí ń tajà ní iwájú ilé, nítorí ohun tí wọ́n mọ̀ kò sí nínú ìwé alágbàtà ilé kankan. Lẹ́yìn náà ni kí o tó sọ pé Múṣin dára tàbí kò dára. Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Kò yẹ kí á sọ àdúgbò lórúkọ láìwò ó.

Arákùnrin wa ṣe bẹ́ẹ̀. Ó rí yàrá àti pálọ̀ nínú ilé kan tí ó mọ́ níwọ̀n, ní òpópónà tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ sí. ₦700,000 ni owó ilé ọdún kan. Bí a bá fi ìdá mẹ́wàá ti àgírímẹ́ǹtì àti ìdá mẹ́wàá ti alágbàtà kún un, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦840,000. Ó ti ń dúpẹ́. Nígbà náà ni ìbéèrè tí ó tóbi ju gbogbo èyí tí ó bi mí lọ wá yọjú.

Obìnrin kan ń gbé inú yàrá náà. Opó ni, ó ń dín àkàrà ní ẹnu ọ̀nà, ó sì ní ọmọ mẹ́ta. Onílé ti bá a ṣe àdéhùn iye tí yóò san fún ọdún tuntun, ó ti gba díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fún un ní ọjọ́ tí yóò mú ìyókù wá. Ọjọ́ náà kò tíì pé. Alágbàtà ilé wá sọ fún arákùnrin wa ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé bí ó bá lè kó owó ọdún méjì wá lẹ́ẹ̀kan náà, onílé yóò dá owó obìnrin náà padà, yóò sì wá ọ̀nà láti lé e jáde.

Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ìjọ mi. Ẹnu rẹ̀ ni ó fi sọ fún mi pé ẹ̀rù àwọn ọmọ ìta ń ba òun. Òun ni ọmọ ìta kò tíì fọwọ́ kàn. Òun ni a sì ń rọ̀ pé kí ó ti opó bọ́ sí ìta.

Nínú hadíìsì tí Bukhārī àti Muslim gbà wá, Ànábì kọ̀ fún wa kí ẹnìkan wọ inú ọjà tí arákùnrin rẹ̀ ti ń rà láti gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn onímọ̀ sì fi háyà ilé sí abẹ́ ìdájọ́ kan náà: bí àdéhùn bá ti wà láàárín onílé àti ẹnìkan, kò tọ́ kí ẹlòmíràn fi owó púpọ̀ já a gbà. Ẹ sì wo ohun tí Ànábì fúnra rẹ̀ ṣe nígbà tí ó ṣí lọ sí Mẹdínà ní ọdún 622. Àjèjì ni nígbà náà, ó nílò ilẹ̀ tí yóò kọ́ mọ́sálásí sí. Ilẹ̀ tí wọ́n rí jẹ́ ti ọmọ òrukàn méjì. Wọ́n ní àwọn fi ta á lọ́rẹ. Ó kọ̀ láti gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ra á lọ́wọ́ wọn. Èyí wà lára ohun àkọ́kọ́ tí ó ṣe ní ìlú tuntun: kò jẹ́ kí wíwá òun di àdánù fún aláìlágbára tí òun bá níbẹ̀.

Òfin ìjọba náà kò gba ohun tí alágbàtà yìí ń wí. Òfin ilé gbígbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2011 kọ̀ fún onílé láti gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ èyí, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó mọ̀ pé òfin kan náà kọ̀ fún ayálégbé tuntun láti fi ju owó ọdún kan lọ onílé. Òfin mọ̀ pé bí onílé ṣe lè ni ènìyàn lára, bẹ́ẹ̀ náà ni ayálégbé tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè ni tálákà lára.

Ìdí nìyí tí mo fi dúró lé ọ̀rọ̀ yìí lónìí. Nígbà tí a bá ń wá ilé sí àdúgbò àwọn tí kò ní lọ́wọ́, a máa ń béèrè pé: “Irú ènìyàn wo ni ó wà níbẹ̀?” Ìbéèrè tí Ọlọ́hun yóò bi wá ni pé irú ènìyàn wo ni ó dé bá wọn nígbà tí a dé. Ẹni tí ilé Ọ̀gbà wọ́n fún, òun ni olówó ní Múṣin. Náírà tí kò tó nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ níbí tó láti sọ ìdílé mìíràn di aláìnílé níbẹ̀. Kí ó mọ̀ pé agbára wà lọ́wọ́ òun, kí ó sì bẹ̀rù Ọlọ́hun nínú rẹ̀.

Mo sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún ara mi àti fún yín. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀. Dájúdájú, Aláforíjìn ni, Aláàánú ni.

Kútúbà kejì

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ẹni tí ó bá ti rí ilé ní ọ̀nà ẹ̀tọ́, kí ni yóò ṣe nígbà tí ó bá kó dé? Ànábì sọ pé Málàíkà Jibrīl kò yé sọ̀rọ̀ aládùúgbò fún òun títí òun fi rò pé yóò sọ aládùúgbò di ajogún. Ó ní kí Abū Dharr fi omi kún ọbẹ̀ rẹ̀ bí ó bá ń sè é, kí ó lè kan àwọn aládùúgbò. Nígbà tí Ìyá wa ‘Āishah béèrè èwo nínú aládùúgbò méjì ni òun yóò fún ní ẹ̀bùn, ó ní kí ó fún èyí tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ súnmọ́ tirẹ̀ jù. Ẹ kíyè sí i pé kò ní kí ó kọ́kọ́ wò bóyá ó kàwé, tàbí bóyá ilé rẹ̀ lẹ́wà. Ẹnu ọ̀nà ni ó wò.

Kí ẹni tí ó kó lọ má ṣe bí ẹni tí ń ṣe ẹ̀wọ̀n, tí ń ka ọjọ́ tí yóò jáde. Kí ó má sì ṣe bí ẹni tí ó wá gba wọ́n là. Àwọn tí ó bá níbẹ̀ ti mọ bí a ṣe ń gbé ibẹ̀ kí ó tó dé. Àwọn ni yóò kọ́ ọ. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò kí ará ilé rẹ̀ láàárọ̀ kò ní ẹnu láti bá a sọ̀rọ̀ kòkòrò lálẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba àlejò, ẹ̀yin náà ní iṣẹ́ tiyín. Nígbà tí ‘Abdur-Rahmān ọmọ ‘Awf dé Mẹdínà láìní nǹkan kan lọ́wọ́, Sa‘d ọmọ Rabī‘ fi ìdajì ohun ìní rẹ̀ lọ̀ ọ́. ‘Abdur-Rahmān ṣàdúà fún un, ó sì ní kí wọ́n kàn fi ọ̀nà ọjà han òun. Ẹni tí ó gbà á lálejò kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti wálẹ̀. Àlejò náà kò sì di ẹrù lé e lórí. Kí ìyá àti ẹ̀gbọ́n tí ń sọ fún ọmọ wọn pé nǹkan ti bàjẹ́ fún un gbọ́ èyí. Ọmọ tí ó sá fún gbèsè èlé, tí ó fẹ́ máa rí ojú àwọn ọmọ rẹ̀ lójoojúmọ́, nǹkan kò bàjẹ́ fún un. Ẹ lọ kí i, ẹ jókòó nínú pálọ̀ rẹ̀, ẹ jẹun nílé rẹ̀.

Kí ni arákùnrin wa wá ṣe? Ó kí ìrun Istikhārah, ó bá ìyàwó rẹ̀ jíròrò. Ìyàwó rẹ̀ ni ó sọ ọ̀rọ̀ tí ó parí ẹjọ́ náà. Ó ní òun kò lè máa ra àkàrà láàárọ̀ ní ìta ibòmíràn, kí òun sì máa rò ó pé ẹni tí ó yẹ kí ó dín in fún òun ni òun lé lọ. Ó pe alágbàtà, ó ní òun kò ṣe mọ́. Ó ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ lọ́kàn rẹ̀ pé Múṣin ni òun yóò gbé, ṣùgbọ́n kì í ṣe yàrá yẹn. Títí di òwúrọ̀ òní, kò tíì rí òmíràn. Ọjọ́ tí onílé rẹ̀ fún un kò sì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ mọ́.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí ti di tiwa. Mo mọ̀ pé àwọn onílé wà nínú ìjọ yìí. Ẹni tí ó bá ní yàrá tí ó ṣófo ní Múṣin tàbí àyíká rẹ̀, tí yóò gba owó ọdún kan péré, kí ó rí mi lẹ́yìn ìrun. Ní ti opó náà, ìgbìmọ̀ Sáká yóò ṣe ìwádìí bóyá a lè bá a san ìyókù owó rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Ẹ̀yin tí ẹ sì ti kọ ìwé ìfikún owó ilé sílẹ̀, tí ẹ kò tíì fi í ránṣẹ́, ẹ tún un kà lálẹ́ òní kí ẹ tó sùn.

Ọlọ́hun, Ìwọ ni Ọba tí ó ń fúnni ní ibùgbé. Fún ẹni tí kò nílé nínú wa ní ilé. Fún ẹni tí ó nílé ní ọkàn tí ó gbòòrò ju ilé rẹ̀ lọ. Má fi aládùúgbò búburú dán wa wò, má sì jẹ́ kí á jẹ́ aládùúgbò búburú fún ẹnikẹ́ni. Dá ààbò Rẹ bo àwọn ọmọ wa ní gbogbo òpópónà tí wọ́n bá ń rìn. Bá wa ṣàánú àwọn opó, kí O má sì jẹ́ kí ìrọ̀rùn wa di omijé wọn. Forí jin àwọn òbí wa. Fún wa ní dáadáa ayé yìí àti dáadáa ọ̀run, kí O sì fi Àlùjánnà ṣe ibùgbé ìkẹyìn fún wa. Ààmín.

Ẹ dìde, ẹ to sààfù, ẹ gbé ìrun dúró.